Orí Ni, Kì Í Ṣe Ìrònú: Iṣẹ́ Ọpọlọ Nínú Ẹ̀jẹ̀ Ríru Aboyún

     

Nígbà tí ìwé ìpè ẹgbẹ́ yín tẹ̀ mí lọ́wọ́ pé kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀jẹ̀ ríru aboyún níbi ìpàdé yín ní Ìdànrè, mo fi han ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Ó ní, "Èyí ò le. Sọ fún wọn kí wọ́n dín iyọ̀ kù, kí wọ́n má ronú, kí o sì tètè jókòó kí ìrẹsì má baà tutù." Mo rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n gbólóhùn àárín yẹn, "kí wọ́n má ronú," kò jẹ́ kí n sùn lóru ọjọ́ náà. Òun ni mo wá bá wí lónìí.

Ohun tí mo fẹ́ sọ kò pọ̀. Ọwọ́ ọpọlọ wà nínú ẹ̀jẹ̀ ríru oyún, òótọ́ ni. (Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ ṣọ́ àmì ohùn o: ọpọlọ ni mo wí, n kò pe ọ̀pọ̀lọ́ inú àbàtà.) Ṣùgbọ́n apá ibi tí ọ̀rọ̀ náà wà nínú orí kì í ṣe apá tí obìnrin fi ń ro ti owó ilé ìwé tàbí ti orogún. Apá tí kì í gba àṣẹ lọ́wọ́ olórí ni. Ẹni tí kò lè pàṣẹ fún un, a kò lè dá a lẹ́bi rẹ̀. A kò sì lè fi "fara balẹ̀" wò ó sàn.

Ọmọ abúlé kòkó

Ó ti lé ní ogún ọdún. Èmi ni mo wà lẹ́nu iṣẹ́ òru ní ilé ìwòsàn kan tí n kò ní dárúkọ. Ní nǹkan bí aago méjì òru, wọ́n gbé ọmọbìnrin kan dé láti abúlé kòkó, lórí ọ̀kadà. Ìyá ọkọ rẹ̀ ló jókòó sẹ́yìn rẹ̀, tó fi ọ̀já gbá a mọ́ra kí ó má baà já bọ́. Oyún àkọ́kọ́ ni, oṣù kẹjọ. Mo fi àtàǹpàkò tẹ ojúgun rẹ̀, ihò tó dá síbẹ̀ kò dí títí mo fi wẹ ọwọ́ tán. Òrùka ti há mọ́ ọn níka. Iwájú orí rẹ̀ ń rùn fún ọṣẹ dúdú àti àlùbọ́sà. Etí ahọ́n rẹ̀ ti ya, ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ sí i létè, nítorí nígbà tí gìrì kọ́kọ́ gbé e lábúlé, ṣíbí ni wọ́n kì bọ̀ ọ́ lẹ́nu.

Mo béèrè bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Ìyá ọkọ ní ó ti di ọjọ́ mẹ́ta tó ti ń ké orí, tó ń ní òun ń rí nǹkan ní bàìbàì, tó ń ní abẹ́ igbá àyà ń ro òun. Wọ́n ti ra oògùn ọgbẹ́ inú fún un. "Nọ́ọ̀sì, ìrònú ni. Òun àti ọkọ rẹ̀ kò sọ̀rọ̀ sí ara wọn láti ìgbà tí wọ́n ti ta kòkó. Àwọn àgbà ti ń parí ìjà náà láti àná." Ọkọ dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò lè wọlé, ojú ń tì í. Mo wé ẹ̀rọ ìfúnpá mọ́ ọmọ náà lápá: 180 lórí 120.

Abẹ́rẹ́ tó yẹ kí a fún un kò sí nílé. A ní láti rán ènìyàn lọ kan ilẹ̀kùn oníkẹ́mísìtì lóru. Ó yè é. Ọmọ inú rẹ̀ kò yè é. Nígbà tí mo tún rí ọkọ náà lọ́jà lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ohun àkọ́kọ́ tó bi mí ni pé, "Mọ̀mọ́, ṣé lóòótọ́ ni pé ìjà owó kòkó yẹn ló fà á?" Ó ti ń gbé e kiri láti ìgbà náà.

Kì í ṣe ilẹ̀ wa nìkan ni a ti ń sọ bẹ́ẹ̀. Ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, àwọn olùwádìí kan jókòó ti àwọn ìyá, bàbá, ìyá ọkọ àti àwọn agbẹ̀bí ìbílẹ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́rin, Ṣàgámù wà lára wọn, wọ́n sì tẹ ohun tí wọ́n gbọ́ jáde ní 2016. Àwọn ará ìlú ní ìrònú ló ń fa ẹ̀jẹ̀ ríru aboyún: ìjà tọkọtaya, àìlówó lọ́wọ́. Gìrì aboyún ńkọ́? Wọ́n ní òtútù ni, pé obìnrin náà pẹ́ jù nínú òtútù. Kò jọ pé oògùn ìbílẹ̀ kankan wà fún ẹ̀jẹ̀ ríru náà. Fún gìrì, àgbo wà, gbẹ́rẹ́ wà, ọṣẹ dúdú wà.

Àwọn àgbà rí i pé ọ̀rọ̀ náà kan orí. N kò lè bá wọn jà lórí ìyẹn. Àṣìṣe wọn ni pé wọ́n pín igi kan sí méjì. Ẹ̀jẹ̀ ríru di ti ìrònú, gìrì di ti òtútù. Ẹni tó bá gbà pé òtútù ni gìrì, aṣọ ni yóò wá bo aboyún. Kò ní wá ẹ̀rọ ìfúnpá.

Páǹpù ẹ̀yìn

Ẹ jẹ́ kí a lọ sóko díẹ̀. Kò sí ẹni tí kò mọ páǹpù tí a ń gbé kọ́ ẹ̀yìn fín oògùn sí kòkó. Omi oògùn wà nínú rẹ̀, ọwọ́ kan ń fa ọ̀pá sókè sódò, ọwọ́ kejì di ẹnu rẹ̀ mú. Bí ẹ bá fẹ́ kí ó ta dé èso tó wà lókè pátápátá, ẹ lè fa ọ̀pá náà kíákíá. Ẹ lè yí ẹnu rẹ̀ kó fún pọ̀. Ẹ sì gbọ́dọ̀ rí i pé omi wà nínú rẹ̀, nítorí páǹpù tí omi rẹ̀ ti ń tán, atẹ́gùn ni yóò máa fín.

Ọkàn wa ni ọwọ́ tó ń fa ọ̀pá. Àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín ni ẹnu páǹpù. Kíndìnrín ló ń pinnu iye omi tó kù nínú rẹ̀. Agbára tí ẹ̀jẹ̀ fi ń ta mọ́ ara iṣan ni à ń pè ní ìfúnpá. Ta ló wá gbé páǹpù kọ́ ẹ̀yìn? Ọpọlọ ni.

Ní ìsàlẹ̀ ọpọlọ, lókè àjà ẹnu, ibì kan wà tí àwọn dókítà ń pè ní hypothalamus. Kò tóbi ju kóró kòkó méjì lọ. Òun ló ń mọ̀ pé òùngbẹ ń gbẹ wá, pé ara wa gbóná, pé ebi ń pa wá. Ó ní ọ̀nà méjì tó fi ń rán iṣẹ́. Ọ̀nà kìíní dà bíi wáyà: okùn tín-ín-rín ni, ó gba ọrùn àti ọ̀pá ẹ̀yìn sọ̀kalẹ̀ dé ọkàn àti iṣan ẹ̀jẹ̀. Iṣẹ́ tó bá gba ibẹ̀, kí ẹ tó ṣẹ́jú ó ti dé. Bí ejò bá sáré kọjá níwájú yín lóko, tí àyà yín já, wáyà yẹn ló ṣiṣẹ́.

Ọ̀nà kejì ni họ́mọ̀nù, ońṣẹ́ tí a tú sínú ẹ̀jẹ̀ kó lọ wá ẹni tí a rán an sí. Ọ̀kan nínú wọn ń jẹ́ vasopressin. Èmi ń pè é ní adámidúró. Hypothalamus ló ń ṣe é, tó ń kó o pamọ́ sínú kókó kékeré kan tó so rọ̀ sábẹ́ rẹ̀ bí ẹyọ ẹ̀wà. Bí adámidúró bá dé kíndìnrín, á ní kó má jẹ́ kí omi bá ìtọ̀ lọ. Bí ó bá dé ara iṣan ẹ̀jẹ̀, á ní kó fún pọ̀. Ẹ fi etí sílẹ̀ níbẹ̀ o: ońṣẹ́ kan ṣoṣo ló ń dá omi dúró sínú páǹpù, tó tún ń yí ẹnu rẹ̀ pọ̀.

Ońṣẹ́ mìíràn wà tó ń jẹ́ angiotensin. Ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín ló pilẹ̀ rẹ̀, òun náà ń fún iṣan pọ̀. Ṣùgbọ́n kì í dúró níbẹ̀, ó tún ń lọ kan ilẹ̀kùn ọpọlọ. Odi yí ọpọlọ ká tí kì í jẹ́ kí gbogbo ohun inú ẹ̀jẹ̀ wọlé bó ṣe wù ú, àmọ́ fèrèsé kéékèèké mélòó kan wà lára odi náà. Ibẹ̀ ni angiotensin ti ń yọjú, tí yóò ní kí òùngbẹ gbẹ onílé, kí wọ́n tú adámidúró sílẹ̀, kí àwọn wáyà dìde. Nínú gbogbo èyí, ta ló bi obìnrin náà ní ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀?

Nígbà tí olóbi bá ń pariwo

Oyún tó ń lọ dáadáa ń yí gbogbo ètò yìí padà. Omi inú ẹ̀jẹ̀ ìyá á pọ̀ sí i, á fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ìlàjì lé ti tẹ́lẹ̀. Họ́mọ̀nù kan tó ń jẹ́ relaxin á wọ inú àwọn fèrèsé tí mo wí yẹn, á sọ fún hypothalamus pé òdiwọ̀n ti yí padà: kí òùngbẹ tètè máa gbẹ ẹ́. Ẹ̀yin ọkọ tí ẹ ń kùn pé ìyàwó kò jẹ́ kí omi inú fìríìjì tutù, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti wá. Olóbi fúnra rẹ̀ á máa tú ohun kan jáde tó ń ṣẹ́ adámidúró wẹ́wẹ́ kó má baà pọ̀ jù. Iṣan ẹ̀jẹ̀ á di etí ikún sí angiotensin. Nítorí náà, pẹ̀lú gbogbo omi yẹn, ìfúnpá aboyún ń wálẹ̀ díẹ̀ ni ní àárín oyún, kì í gòkè.

Ẹ rántí àtẹ̀gùn òkè Ìdànrè wa, tó lé ní 600. Àlejò á gun ìdajì, á jókòó, á máa mí hẹlẹhẹlẹ. Ọmọ Ìdànrè á gùn ún, á máa bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ bí ẹni pé pẹ̀tẹ́lẹ̀ ni. Òkè kan náà ni. Ara ló yàtọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni iṣan aboyún ṣe rí sí angiotensin. Ní Dallas, ní ìpínlẹ̀ Texas ní Amẹ́ríkà, Gant àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dán an wò lára àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin tó lóyún àkọ́kọ́, wọ́n sì tẹ èsì jáde ní 1973. Wọ́n ń kán angiotensin sí wọn lára díẹ̀díẹ̀, léraléra bí oyún ṣe ń dàgbà. Àwọn tí oyún wọn lọ ire, a ní láti kán púpọ̀ kí ìfúnpá wọn tó mira. Àwọn tí ẹ̀jẹ̀ ríru máa mú lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn, ara wọn ti di ti àlejò lórí àtẹ̀gùn ní ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ kí ìfúnpá wọn tó ga. Ọjọ́ tí a rí àìsàn náà kọ́ ló bẹ̀rẹ̀.

Níbo ló ti bẹ̀rẹ̀? Lọ́dọ̀ olóbi. Àwa Yorùbá kì í fi olóbi ṣeré. A máa ń fi ọ̀wọ̀ ri í mọ́lẹ̀ ni. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oyún, iṣẹ́ olóbi ni kó ta gbòǹgbò wọ inú ilé ọmọ, kó la àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ ìyá tó wà níbẹ̀ kí wọ́n gbòòrò. Bí kò bá rí wọn là dáadáa, oúnjẹ kò ní dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ tó. Olóbi tí ebi ń pa a máa pariwo, ariwo rẹ̀ sì ni àwọn nǹkan tó ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ ìyá. Ní 2003, àwọn oníṣègùn kan ní Boston, Ananth Karumanchi wà lára wọn, fi ọ̀kan nínú àwọn nǹkan náà hàn. Wọ́n ń pè é ní sFlt-1. Nígbà tí wọ́n fi í sára àwọn eku tó lóyún, ìfúnpá wọn ga, pròtéènì sì jáde nínú ìtọ̀ wọn.

Ọpọlọ gbọ́ ariwo yẹn. Èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ìwádìí rèé, nítorí ó rọrùn bí ẹni fi etí sí ilẹ̀kùn. Ní Jámánì, ní 1996, Schobel àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mú abẹ́rẹ́ tín-ín-rín kan, wọ́n tì í bọ inú wáyà ọpọlọ tó gba ẹ̀gbẹ́ orúnkún kọjá, wọ́n sì ń ka iye ìgbà tí iṣẹ́ ń gbà á kọjá láàárín ìṣẹ́jú kan. Lára aboyún tí ara rẹ̀ le: ìgbà 10. Lára obìnrin tí kò lóyún, tí kò ní ẹ̀jẹ̀ ríru: ìgbà 12. Lára ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru láìlóyún: 15. Lára àwọn tí ẹ̀jẹ̀ ríru oyún mú: ìgbà 33. Àwọn tó mú kò pọ̀, mẹ́sàn-án péré ni wọ́n, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ náà kò fara sin. Lẹ́yìn tí wọ́n bímọ, tí olóbi jáde, wáyà náà dákẹ́, ìfúnpá sì wálẹ̀.

Mo bi yín: ṣé ìrònú ló bá olóbi jáde? Obìnrin tó bímọ tán, tí ọmọ ń ké lóru, tí owó ìkómọ kò tíì sí, tí ìyá ọkọ ti dé pẹ̀lú àpótí, ìgbà yẹn gan-an ni ìrònú ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀! Síbẹ̀ wáyà dákẹ́. Bí mo bá tún rí ọkọ ọmọ abúlé kòkó yẹn, ìdáhùn mi fún un nìyẹn.

Adámidúró náà ní ẹ̀rí tirẹ̀. Ó ṣòro láti wọ̀n nítorí kì í pẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀ kó tó pòórá. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọpọlọ bá ń ṣe é, ó ń gé e kúrò lára nǹkan tó gùn jù ú lọ, èyí tó ṣẹ́ kù ń jẹ́ copeptin, òun sì ń pẹ́. Bí ẹ bá dé oko tí wọ́n ti kó kòkó lọ, ẹ kò rí kóró kan, ṣùgbọ́n òkìtì èèpo wà nílẹ̀. Èèpo náà á sọ iye tí wọ́n kó fún yín. Copeptin ni èèpo yẹn. Ní 2014, Mark Santillan, Justin Grobe àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Yunifásítì Iowa fi hàn pé èèpo yìí ti pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn tí àìsàn náà máa mú láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹfà oyún. Ọ̀sẹ̀ kẹfà! Ọ̀pọ̀ obìnrin kò tíì sọ fún ọkọ nígbà náà. Wọ́n tún ń kán vasopressin sára eku tó lóyún: ìfúnpá wọn ga, kíndìnrín wọn bàjẹ́, àwọn ọmọ inú wọn kò dàgbà tó.

N kò sọ pé ìyà dára fún aboyún o. Ẹ̀yin ọkọ, ẹ má tìtorí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí lọ bẹ̀rẹ̀ ìjà nílé. Ẹ máa ṣìkẹ́ wọn nítorí pé wọ́n tọ́ sí ìkẹ́.

Gìrì

Orí ni ìfúnpá ti sọ̀kalẹ̀ wá, orí náà ló sì ń padà sí. Àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ inú ọpọlọ mọ bí wọ́n ṣe ń dènà ìfúnpá tó pọ̀ jù, ṣùgbọ́n nínú àìsàn yìí ara wọn ti bàjẹ́, omi á máa jò sínú ọpọlọ, ọpọlọ á wú. Ẹ̀yìn orí níhà ìpàkọ́ ló sábà máa ń kàn jù, ibẹ̀ sì ni ọpọlọ fi ń ríran. Ìdí nìyẹn tí orí fi ń fọ́ aboyún tí ojú rẹ̀ sì ń ṣe bàìbàì kí gìrì tó gbé e. Ọgbẹ́ inú tí wọ́n rò pé ó ń ṣe ọmọ abúlé kòkó kì í ṣe ọgbẹ́ inú; ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ló ń wú.

Ní ìgbà tí mo ń kọ́ṣẹ́, a kò ní bébà tí wọ́n ń kì bọ ìtọ̀ láti mọ̀ bóyá pròtéènì wà nínú rẹ̀. A máa ń bu ìtọ̀ sínú ìgò tẹ́ẹ́rẹ́, a ó fi ẹ̀mú irin dì í mú, a ó yan orí rẹ̀ lórí iná. Bí ó bá kàn hó, kò séwu. Bí ó bá dì gbàgbà bí funfun ẹyin, ọ̀gá wa kì í sọ̀rọ̀ mọ́, á kàn tọ́ka sí ibùsùn.

Oògùn tó ń dá gìrì yìí dúró kò jìnnà: magnesium sulphate, iyọ̀ Epsom kan náà tí àwọn àgbà ń mu láti fọ inú, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n ti sọ di abẹ́rẹ́ ni. Ẹ má lọ po ti kẹ́mísìtì fún aboyún mu o! Tẹ́lẹ̀, Valium ni ọ̀pọ̀ wa ń lò. Ní 1995 ìwádìí ńlá kan fi hàn pé magnesium ju Valium lọ fún ẹni tí gìrì ti gbé. Ní 2002, òmíràn tí wọ́n ń pè ní Magpie mú obìnrin tó lé ní 10,000 láti orílẹ̀-èdè 33, Nàìjíríà wà nínú wọn. Ó fi hàn pé bí a bá fún aboyún tí ẹ̀jẹ̀ ríru oyún mú ní abẹ́rẹ́ yìí kí gìrì tó dé, iye àwọn tí gìrì ń gbé á dín kù ju ìdajì lọ.

Abẹ́rẹ́ náà ní ìlànà. Lẹ́yìn èyí tó pọ̀ tí a kọ́kọ́ gún, gíráàmù márùn-ún ni ní wákàtí mẹ́rin-mẹ́rin, ìdí ọ̀tún, ìdí òsì, títí wákàtí 24 yóò fi pé lẹ́yìn ìbímọ tàbí lẹ́yìn gìrì tó gbẹ̀yìn. Kí n tó gún òmíràn, mo gbọ́dọ̀ fi òòlù kékeré kan abẹ́ eegun orúnkún rẹ̀ kí n rí i pé ẹsẹ̀ ta, kí n ka mímí rẹ̀, kí n wo ìtọ̀ nínú àpò. Bí ẹsẹ̀ kò bá ta, n kò gún un. Oògùn tó ń pa agbára rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi nínú abọ́. Nítorí náà, ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń gbẹ̀bí ní ilé àdúrà, n kò wá já iṣẹ́ gbà lọ́wọ́ yín. Iṣẹ́ yìí ni kò ṣeé ṣe láìsí òòlù, láìsí àpò ìtọ̀, láìsí oògùn ẹ̀rọ̀ náà.

Láti Ìdànrè dé Àkúrẹ́

Àjọ Ìlera Àgbáyé ní nǹkan bí ìyá 260,000 ló kú nítorí oyún àti ìbímọ ní 2023. Nǹkan bí 75,000 nínú wọn jẹ́ ti Nàìjíríà. Ìwádìí àjọ náà tó jáde ní 2014 ní nínú ìyá 100 tó bá kú bẹ́ẹ̀ ní àgbáyé, ẹ̀jẹ̀ ríru oyún ló pa 14. Ẹ̀jẹ̀ dídà nìkan ló ṣáájú rẹ̀.

Ìpínlẹ̀ Oǹdó wa kò fọwọ́ lẹ́rán. Ní 2009, lábẹ́ Gómìnà Olúṣẹ́gun Mímìkò, ètò Abíyè bẹ̀rẹ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́dọ̀rẹ́: òṣìṣẹ́ ìlera kan fún aboyún 25, fóònù lọ́wọ́ aboyún kó lè pe ẹni tirẹ̀. Ní 2010, ilé ìwòsàn ìyá àti ọmọ ṣí ní Àkúrẹ́. Ọdún náà ni òfin jáde pé gbogbo ikú ìyá gbọ́dọ̀ di ohun tí a ń ròyìn, tí a ń wádìí ìdí rẹ̀, láìwá ẹni tí a ó fi sẹ́wọ̀n. Lẹ́yìn náà ni ètò Agbẹ̀bíyè pe àwọn agbẹ̀bí ìbílẹ̀ mọ́ra kí wọ́n máa mú aboyún wá sí ilé ìwòsàn. Èmi fara mọ́ èyí ju gbogbo rẹ̀ lọ, nítorí a kì í lé ẹni tí aboyún fọkàn tán.

Àwọn ọ̀mọ̀wé méjì, Thaddeus àti Maine, ti sọ ní 1994 pé ìdádúró mẹ́ta ló ń pa ìyá: kí a tó pinnu láti lọ, kí a tó débẹ̀, kí wọ́n tó tọ́jú wa níbẹ̀. Abíyè fi ẹ̀kẹrin kún un, ìdádúró láti ilé ìwòsàn kan sí èkejì. Ọ̀nà Àkúrẹ́ àti mọ́tò jẹ́ ti ìjọba àti ti owó, alága ìjọba ìbílẹ̀ wa ló mọ̀ ọ́n. Ti àkọ́kọ́ ni mo tìtorí rẹ̀ gùn pẹpẹ. Ọjọ́ mẹ́ta ni ọmọ abúlé kòkó fi ń ké orí. Kí ni wọ́n ń ṣe ní ọjọ́ mẹ́ta náà? Wọ́n ń parí ìjà owó. "Ìrònú ni" ló jẹ gbogbo àkókò náà.

Fún ìdí èyí, ẹ jẹ́ kí n bá ẹ̀yin aboyún sọ̀rọ̀ díẹ̀. Bí oyún bá ti pé ọ̀sẹ̀ 20, tí ẹ̀rọ bá ka 140 lórí 90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ má kúrò níbẹ̀ láìyẹ ìtọ̀ wò. 160 lórí 110, ilé ìwòsàn ńlá lójú ẹsẹ̀. Orí fífọ́ tí paracetamol kò kápá, ojú tó ń ṣe bàìbàì, abẹ́ igbá àyà tó ń ro, ojú àti ọwọ́ tó ṣàdédé wú láàárọ̀: ẹ lọ sí ilé ìwòsàn, ẹ má gbà fún ẹnikẹ́ni tó bá ní àmì ni pé ọkùnrin ni ọmọ náà. Bí oyún àkọ́kọ́ bá ni, tàbí ìbejì (kò sì sí ẹ̀yà tó ń bí ìbejì tó wa), tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru ti wà tẹ́lẹ̀, tàbí irú rẹ̀ ti mú yín nínú oyún tó kọjá, tàbí àìsàn kíndìnrín tàbí àtọ̀gbẹ wà, ẹ tètè forúkọ sílẹ̀ kí oyún tó dàgbà. Aspirin kékeré, mìlígíráàmù 75, wà tí dókítà lè fún ẹni tí ó bá yẹ kí oyún tó pé ọ̀sẹ̀ 20. Kì í ṣe ẹ̀yin ni ẹ ó dá a rà. Àjọ Ìlera Àgbáyé tún ní kí wọ́n máa fún aboyún ní kálísíọ́mù níbi tí oúnjẹ kò ti ní in tó. Ẹja wẹ́wẹ́ tí a ń jẹ teegun-teegun ní in. Bí ẹ bá sì ti bímọ tán, ẹ má sọ pé ó tán. Gìrì lè gbéni lẹ́yìn ìbímọ, a sì ń wọn ìfúnpá títí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà yóò fi pé.

Ẹ̀yin bàbá, bí gìrì bá gbé aboyún níwájú yín, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ òsì rẹ̀ lélẹ̀, ẹ má ki ohunkóhun bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ẹ má gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sínú iná, ẹ wá mọ́tò.

  Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn ọ̀gá tó kọ́ mi bí a ṣe ń yan ìtọ̀ lórí iná, ọ̀pọ̀ wọn ti sùn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá ọkọ kan tó fi ọ̀já gbá ìyàwó ọmọ rẹ̀ mọ́ra lórí ọ̀kadà lóru, tí kò jẹ́ kó já bọ́. Àwọn nọ́ọ̀sì mẹ́ta ti to tábìlì sí ẹnu ọ̀nà ọ̀tún, ẹ̀rọ ìfúnpá wà níbẹ̀, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ̀yin aboyún ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ. Ìrẹsì yóò dúró dè yín.